Má Pè É Ní Oògùn Mọ́

Ilé wa, lẹ́yìn ọjà Ekiosa,
Benin City,
Ìpínlẹ̀ Bendel.
Ọjọ́ Ajé, lọ́sàn-án.

Títílayọ̀, Àdùkẹ́ mi,

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní lẹ́tà kíkọ nílé ìwé, tíṣà wa ní kí a kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ẹni tí a ń kọ̀wé sí, kí a tó sọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Èmi náà fẹ́ béèrè, àmọ́ kì í ṣe torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé orí ń fọ́ ọ? Èébì tí o ń bì láàárọ̀, ṣé kò ju ti aboyún lọ? Ṣé ojú rẹ máa ń ṣe bàìbàì tí o bá jáde nínú sítọ́ọ̀ yẹn? Ọwọ́ rẹ ńkọ́, ṣé ó ń gbọ̀n tí o bá fẹ́ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́? Dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Má kàn kọ̀wé sí mi pé, "Mama, I dey fine."

Mo mọ̀ pé o máa fajú ro tí o bá rí i pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, tí ó sì gùn tó báyìí. Láti kékeré ni mo ti ń fi Yorùbá bá ọ sọ̀rọ̀, tí ìwọ ń fi Píjìn dá mi lóhùn, bíi pé aládùúgbò ló bí ọ. Ka á sókè. Ibi tí ojú rẹ kò bá ti mọ̀ ọ́n, etí rẹ á gbọ́ ọ. Osagie ọkọ rẹ jẹ́ ọmọ Bìní, kò gbọ́ Yorùbá, ìyẹn náà sì wà lára ìdí tí mo fi kọ ọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yìí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu mi rí. Bàbá rẹ kú láìgbọ́ ọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà kí o ṣe é bí mo ṣe ní kí o ṣe é.

Lánàá òde yìí, tí o wá kí mi lẹ́yìn ìsìn, inú mi dùn nígbà tí mo rí ọ lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù kejì rẹ rèé lẹ́nu iṣẹ́ tuntun yẹn, ní oko ọ̀pẹ àti rọ́bà, mo sì ti ń fi ọ́ yangàn lọ́jà. Mò ń sọ fún àwọn tí a jọ ń ta ẹ̀wà pé ọmọ mi ni sítọ́ọ̀kípà, pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ nǹkan fífín oko wà. Nígbà tí o wá sọ fún mi ní kíṣìnnì pé o ti lóyún oṣù mẹ́ta, mo fa ọ́ mọ́ra, mo fi imú sí ọ lọ́rùn bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí o wà lọ́mọdé. Ibẹ̀ ni mo ti gbóòórùn kan, lára aṣọ rẹ àti nínú irun rẹ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbóòórùn yẹn gbẹ̀yìn, àmọ́ imú mi kò gbàgbé rẹ̀.

Mo ṣì ń wá ohun tí màá sọ nígbà tí o gbé jẹ́ríkánì méjì jáde. O ní nínú sítọ́ọ̀ yín ni wọ́n ti ṣófo, pé o ti fọ̀ wọ́n dáadáa, kí n máa pọn omi mímu sí wọn torí omi ẹ̀rọ kì í yọ déédéé. Lẹ́yìn náà lo mú ìgò mínírà kan jáde nínú báàgì rẹ, o fi ọ̀rá dí i lẹ́nu, o fi okùn so ó.

"Mama," lo wí, "see medicine wey I bring for your beans. Weevil no go near am again."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọjú sí sítóòfù, Títí. O tún bi mí pé, "Mama, wetin I do?" mo ní kò sí, mo bu oúnjẹ fún ọ. O rò pé inú ń bí mi nítorí pé o kò mú iṣu wá. Kì í ṣe ìbínú. Nígbà tí o lọ tán, mo jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì títí kẹrosíìnì fi tán nínú sítóòfù.

Mo ti fi ìṣó lu àwọn jẹ́ríkánì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà hú wọn nínú ààtàn kó fi wọ́n pọn omi. Ìgò náà ṣì wà níbí. Mo gbé e sínú agolo ńlá kan, mo da iyanrìn yí i ká, mo kọ MÁJÈLÉ gàdàgbà sára ìdérí rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí màá dà á sí. Ewúrẹ́ ń mu omi gọ́tà, kànga àwọn ará ilé kejì sì wà ní ìsàlẹ̀ wa níbí. Wá gbé e padà síbi tí o ti gbé e wá. Ẹ̀yìn ilé ni mò ń gbà kọjá báyìí kí n má baà kan agolo yẹn.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ wàyí.

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa, ti ọmọbìnrin kan tó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, tó fi ọwọ́ bo ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Bọ́sẹ̀ nìyẹn, àbúrò mi, ìyá kan náà ló bí wa. Ohun tí gbogbo ẹbí sọ fún ọ ni pé ehín ló pa á. Òun náà ni èmi ìyá rẹ sọ fún ọ. Irọ́ ni.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó wá láti Oǹdó wá bá mi gbé ní Benin, tó ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan nítòsí Oba Market. Ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ogun ṣì ń jà lódì kejì odò, bàbá rẹ ń wa lọ́rì, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀wà ní Ekiosa. Ẹ̀wà tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú àpò, kòkòrò á jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Ọkùnrin kan tó ń ta nǹkan oko ló bá mi wá oògùn kòkòrò. Ohun tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn, láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó nílé wa títí dé ọ̀dọ̀ àwa ẹlẹ́wà. Ó rọ ọ́ sínú ìgò fún mi, ó ní kí n fi omi là á kí n wọ́n ọn sí ẹ̀wà. Kò sí ìwé lára ìgò, kò sí àmì kankan. Mo gbé e sábẹ́ tábìlì nínú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo pupa.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ehín bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bọ́sẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá ni, ó ti dá ihò. Ìwọ tí o dàgbà sí Benin lè máà mọ èyí, àmọ́ lọ́dọ̀ wa, tí ehín bá ti dá ihò, a ó ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, ohun tí a bá fi ń wo ehín, oògùn kòkòrò là ń pe òun náà. Ìyá arúgbó kan ń ta á ní Oba Market, egbò igi tí wọ́n rẹ sínú ọtí. Mo ti ṣèlérí fún Bọ́sẹ̀ pé màá bá a rà á tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá. Mo gbàgbé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wà níta, mò ń gbé àpò ẹ̀wà sórí ọmọlanke, ọkùnrin tó ni ọmọlanke sì ń kùn pé mo ń fi àkókò òun ṣòfò. Bọ́sẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó fọwọ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn kòkòrò yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí i rà?"

Àpò kan kù nílé tí mo ti ní kó bá mi wọ́n. Ohun tí mo rò pé ó ń béèrè nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Ó wà nínú ìgò lábẹ́ tábìlì. Má lò ó púpọ̀ o, ó le."

"Ẹ ṣeun, mà."

Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Mo fún un ní májèlé, mo tún sọ bí yóò ṣe lò ó fún un.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí Mama Esosa, obìnrin Bìní tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, fi sáré dé ìsọ̀ mi. "Iya Titi, come house now now. Your sister dey shake." Nígbà tí mo délé, Bọ́sẹ̀ wà lórí ẹní. Òógùn ti bò ó bíi pé òjò pa á, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ ń jó lábẹ́ awọ, ọmọlójú rẹ̀ sì ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Òwú wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mama Esosa ní òun rí i nígbà tó ń fi òwú náà sẹ́nu, pé ó ń sọ fún òun pé, "The medicine dey pepper me well well, e dey work." Àwa kúkú nìyẹn. Tí oògùn bá ti ń ta wá, a ó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbé itọ́ rẹ̀ mì, ó tún ń rẹ òwú mìíràn.

Ìwọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ò ń fi ìdérí ìgò náà ṣeré. Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Mo gba ìdérí lọ́wọ́ rẹ, mo fi ìró mi nu ọwọ́ rẹ títí o fi bú sẹ́kún, nítorí pé mi ò mọ̀ bóyá o ti fi sẹ́nu tàbí o kò tíì fi sí i.

A gbé Bọ́sẹ̀ dé ọsibítù. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ní, "What did she take?" Nọ́ọ̀sì rò pé mi ò gbọ́ Òyìnbó, ó tún un sọ. "Madam, wetin she chop? Wetin she drink?"

Mo ní, "Na tooth dey pain am."

Wọ́n tún bi mí. Mo tún sọ ohun kan náà. Dókítà ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń wò mí, mo sì dúró níbẹ̀ bí igi. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí. Mò ń ro ohun tí ìyá wa máa wí, tí wọ́n bá sọ fún un pé èmi àkọ́bí rẹ̀ ni mo fún àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní májèlé. Ara mi ni mò ń rò, Títí, Bọ́sẹ̀ sì ń kú lọ lójú mi. Kí oòrùn tó wọ̀, ó kú. Mo padà sílé, mo ju ìgò náà sínú ṣáláńgá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa pé ehín ló pa á. Nígbà tó yá, èmi náà ń fẹ́ gbà á gbọ́.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo fẹ́ kí o rí ohun kan kọ́ nínú rẹ̀, kí n tó sọ èyí tó kù.

Èkíní, má pè é ní oògùn mọ́. Má pè é ní "medicine." O sọ fún mi pé àwọn ará wa láti Oǹdó àti Ekìtì wà nínú àwọn tó ń fín in lóko yín, pé inú wọn dùn pé àwọn rí ẹni tó gbọ́ èdè àwọn. Wọ́n á máa wá sẹ́nu fèrèsé sítọ́ọ̀ rẹ pé, "Àǹtí, oògùn kòkòrò dà?" Ìbéèrè yẹn ń dẹ́rù bà mí ju gbogbo ohun tó wà nínú sítọ́ọ̀ náà lọ. Máa wo ojú ẹni tó bá bi ọ́. Bi í pé kòkòrò wo, kí ló fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan á fẹ́ fi pa iná orí ọmọ wọn, àwọn kan á fẹ́ fi ra làpálàpá, òmíràn á ní ehín ń dun òun. Májèlé ni kí o máa pè é níwájú wọn, kí wọ́n máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Tí ẹ̀rín bá pa wọ́n, wọ́n á rántí.

Èkejì, ohun tí wọ́n bá fi gbé e wá láti ilé iṣẹ́, inú rẹ̀ ni kó máa gbé, pẹ̀lú ìwé tó wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ìgò mínírà, kì í ṣe ìgò ọtí, kì í ṣe agolo mílíìkì tí o sọ pé o fi ń bù ú fún wọn. O ń rẹ́rìn-ín nígbà tí o ń sọ ọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìgò mínírà lọ́wọ́ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ta ló máa dúró gbóòórùn rẹ̀ wò? Èyí tó bá sì ti ṣófo, fífọ̀ kò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ lù ú kó jò, kó má wọ ilé ẹnikẹ́ni. Gbogbo èyí tí o ti fi ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ́rẹ, lọ gbà wọ́n padà. Tí ojú bá tì ọ́, sọ pé ìyá rẹ ló ya wèrè.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹnu rẹ. O ní inú sítọ́ọ̀ lo ti ń jẹun ọ̀sán torí ibẹ̀ tutù ju ìta lọ. Ọmọ mi, jẹun nínú oòrùn. Kí o fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí o tó fi kan oúnjẹ. Má fi ọwọ́ yẹn nu ojú, má fi tún irun ṣe. Àwọn tó ń fín in, mo mọ̀ pé tí ẹnu ẹ̀rọ wọn bá dí, ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Mo rí bàbá mi tó ń ṣe é nínú oko kòkó, tó ń tu itọ́ sílẹ̀, tó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Tó bá délé, a ó rò pé ibà ló ń ṣe é. Sọ fún wọn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má kọjú sí atẹ́gùn tí wọ́n bá ń fín in. Wọ́n á ní ọmọ àná ni ọ́, kò burú, ìwọ ṣáà sọ ọ́.

Aṣọ náà ńkọ́? Aṣọ tí o wọ̀ lọ sí ilé Ọlọ́run, tí o sì wọ̀ wá kí mi, òun lo wọ̀ wọ sítọ́ọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ya aṣọ iṣẹ́ sọ́tọ̀, kó má bá ti Osagie wà nínú bàsíà kan náà. Má fi ọwọ́ lásán fọ̀ ọ́. Wẹ̀ kí o tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́, àmọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló ga jù. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí ó gbé e mì, tí ó ta sí i lójú, tàbí tí ó dà sí i lára tí òógùn àti itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má jókòó máa gbàdúrà. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ara rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí o sì gbé agolo tàbí ìwé tó wà lára rẹ̀ dání. Fi han dókítà. Kó tó béèrè ni kí o ti sọ ọ́. Kó má sí ẹni tó máa dúró níbẹ̀ bí mo ṣe dúró.

O ti ń wí nínú ara rẹ pé, "Na store I dey, I no dey spray." O ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ á tún sọ fún ọ pé ọdún mẹ́wàá làwọn ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe àwọn. Ọkùnrin tó ta tèmi fún mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé díẹ̀ dà sílẹ̀ lára ìgò, mo sì fi ọwọ́ mi nù ún.

Jẹ́ kí n wá sọ ti inú rẹ.

O máa ń bi mí nígbà tí o wà lọ́mọdé ìdí tí o kò fi ní àbúrò. Mo máa ń ní Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ikú Bọ́sẹ̀, mi ò jáwọ́ nínú nǹkan yẹn. Ìyẹn ni ìwọ kò ní lè lóye, èmi fúnra mi kò lóye rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá ṣàdédé fi í sílẹ̀, àwọn èèyàn á fura. Mo ra òmíràn. Mò ń fi ọwọ́ lásán pò ó mọ́ ẹ̀wà, mo sì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fọ ẹ̀wà wọn dáadáa kí wọ́n tó sè é, bíi pé ìyẹn tó. Oyún méjì ló bàjẹ́ lára mi láàárín ìgbà yẹn. Èkíní jẹ́ oṣù mẹ́rin. Èkejì ti ń yí nínú mi, mo ti ń fi ọwọ́ gbọ́ ọ.

Ìgbà kejì yẹn ni nọ́ọ̀sì àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo sọ ti ẹ̀wà fún un, mo sọ ohun tí mò ń pò mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wo èékánná mi. Ó ní òun kò lè búra pé nǹkan yẹn ló fà á, kò sì sí ẹni tó lè búra pé òun kọ́, pé kí n jáwọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní nǹkan yẹn ń gba awọ ara wọlé. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan, kò sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe sí mi. Ó ní ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ mì, abẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn máa ń gún un, pé ọ̀pọ̀ ló ń yè é, tí ẹni tó gbé wọn wá bá ti tètè sọ ohun tí wọ́n mu.

Mo yí ojú sí ògiri. Ó rò pé ọmọ tí mo pàdánù ni mò ń sunkún fún.

Láti ìgbà náà, ata gbígbẹ àti oòrùn ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀wà mi, èyí tí kòkòrò bá sì jẹ, kó jẹ ẹ́. Oyún mìíràn kò dé mọ́. Ìwọ nìkan lo wà, oyún tìrẹ sì wà nínú sítọ́ọ̀ tí atẹ́gùn kì í wọ̀ dáadáa, tí o ń mí òórùn yẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mò ń ka oṣù rẹ lórí ìka ọwọ́. Oṣù mẹ́ta, ó kù díẹ̀ kó di mẹ́rin. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mò ń wọn ẹ̀wà fún èèyàn lọ́jà, mo ń gbàgbé iye kọ́ńgò tí mo ti wọ̀n.

Ohun tí mo fẹ́ kò ṣòro. Kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, lọ bá ọ̀gá yín kó gbé ọ kúrò nínú sítọ́ọ̀. O mọ̀wé, o mọ ìṣirò, wọ́n lè fi ọ́ síbi tí wọ́n ti ń wọn ẹyìn, tàbí kí o máa tẹ táìpù lọ́fíìsì. Tí kò bá sí àyè, ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé. Ẹ̀wà tí mò ń tà ló rán ọ lọ sílé ìwé, ó lè bọ́ ìwọ àti ọmọ. Má sọ pé ojú máa ti Osagie. Má sọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Mo mọ bí iṣẹ́ ṣe ṣòro tó láti rí lásìkò yìí, mo sì mọ̀ ọ́n kí n tó mú bírò.

Tí ọ̀gá náà bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, tó ní aboyún mìíràn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, má bá a jiyàn. Sọ fún un pé ìyá rẹ fi irú ohun tó wà nínú sítọ́ọ̀ rẹ̀ pa àbúrò rẹ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, má bù ú kù. Sọ ọ́ fún Osagie pẹ̀lú ní Píjìn, kó yé e. Tó bá wù wọ́n kí wọ́n máa fojú burúkú wò mí, kí wọ́n máa wò mí. Mo gbìyànjú láàárọ̀ yìí láti sọ ọ́ jáde nínú yàrá níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni, ẹnu mi kò gbà á. Ìwé nìkan ló gbà á.

Dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà yín ló máa gbé lẹ́tà yìí wá. Mi ò ní kí o fi ọ̀rọ̀ dídùn dá mi lóhùn. Nígbà tí wọ́n bi mí, tí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi ì bá gba Bọ́sẹ̀ là, mi ò sọ ọ́. Bá mi sọ ọ́ wàyí, Àdùkẹ́, nígbà tí ọmọ rẹ ṣì wà láàyè nínú rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.